AṢỌ LÓRÍ AṢỌ: BÍ A ṢE Ń TO ÌDÌ AṢỌ PỌ̀ NÍNÚ ERÉ MINECRAFT

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni àwọn baba wa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni mo ti rí i pé ó bá ògiri àti òrùlé inú eré orí kọ̀ǹpútà mu pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yóò béèrè pé, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú eré àwọn ọmọdé? Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ̀kọ́ gidi ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ohun tí mo ṣe, n ó sì sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe, kí ẹlòmíràn má baà gba ibẹ̀.

Eré tí mò ń sọ ni Minecraft. Markus Persson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e síta fún aráyé ní ọdún 2009, ẹ̀dà rẹ̀ tó pé sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Bí ẹ bá ti rí àwọn ọmọdé tó ń fi iyanrìn kọ́lé lẹ́yìn òjò, ẹ ti mọ irú eré tó jẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ pé báyìí ni kí ènìyàn ṣe níbẹ̀. Ayé kan wà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin, láti orí ilẹ̀ títí dé orí igi. Ẹni tó ń ṣeré ń wa búlọ́ọ̀kù, ó ń tò ó, ó sì ń fi kọ́ ohun tó bá wù ú.

Búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí kò ní àwọ̀ kankan fúnra wọn. Ohun tí à ń rí ni àwòrán pẹlẹbẹ kékeré tí eré náà ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá fi aṣọ bo àpótí. Àwòrán tó bá eré náà wá jẹ́ píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òró. Èyí ni pé ẹyọ àwọ̀ 256 péré ni a fi ya òkúta, 256 ni a fi ya erùpẹ̀. Texture ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá jókòó, tó tún gbogbo wọn yà, tàbí tó tún díẹ̀ nínú wọn yà, tó sì kó wọn sínú fódà kan, texture pack ni wọ́n ń pe ìyẹn tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2013, resource pack ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà, nítorí pé ó ti lè gbé ohùn, ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà pẹ̀lú. Ìdì aṣọ ni èmi yóò máa pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kí ó kọ̀wé sí olóòtú.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ilé kan lọ. Ilé ìyá wa àgbà wà ní Abẹ́òkúta: ògiri amọ̀ pupa, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, àti okùn kan ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n máa ń sá adìrẹ sí nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ aṣọ láró. Ní ọdún tó kọjá ni ẹbí fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì kọ́ tuntun síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó wó o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ló sọ pé òun yóò tún un kọ́ nínú Minecraft. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ ọ. Iye yàrá pé, ọ̀ọ̀dẹ̀ gùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi han Ìyá àgbà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ilé rẹ dára, ọmọ mi. Ilé ta ni?"

Aṣọ tí ilé náà wọ̀ kọ́ ni tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi dá a mọ̀. Lóòótọ́, eré náà ti ní amọ̀ láti ọdún 2022 tí ẹ̀dà 1.19 ti jáde. A ó da omi sí erùpẹ̀, yóò di ẹrẹ̀. A ó po ẹrẹ̀ mọ́ àlìkámà, yóò di amọ̀ tí a lè fi mọ ògiri. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ta ní ń fi oúnjẹ po amọ̀? Ṣùgbọ́n amọ̀ náà kò pupa bí ti ilé wa, kò sì sí páànù rárá. A wá ìdì aṣọ kiri. A rí ọ̀kan tí ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀ pupa dáadáa, a rí òmíràn tí omi àti ewé igi rẹ̀ dùn-ún wò, a tún rí ẹ̀kẹta tí ó ní ìlẹ̀kùn àti ohun èlò inú ilé tó bójú mu. Kò sí ọ̀kan tó tó fún wa lóun nìkan. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdì lé ìdì nìyẹn.

Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, ìdì kan ṣoṣo ni ènìyàn lè wọ̀ fún eré náà lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo aṣọ búlọ́ọ̀kù ló wà lórí àwòrán ńlá kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ terrain.png, tí a pín sí ojú kéékèèké, 16 ní ìbú, 16 ní òró. Ẹni tó bá fẹ́ mú òkúta láti inú ìdì kan àti igi láti inú ìkejì, àfi kó máa gé ojú àwòrán kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Ẹ̀dà 1.5 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2013 ló tú àwòrán ńlá yẹn ká, tó fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ẹ̀dà 1.7.2 jáde, àǹfààní sì ṣí sílẹ̀ láti to ìdì púpọ̀ lé ara wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kò le. A ó ṣí Options, a ó tẹ Resource Packs. Àwọn ìdì tí a ní wà ní apá òsì, àwọn tí a ti wọ̀ wà ní apá ọ̀tún, ọfà kéékèèké sì wà lára wọn tí a fi ń gbé ọ̀kan gun orí òmíràn tàbí tí a fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ètò, èwo ni yóò wà lókè, èwo ni yóò wà nísàlẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò, tó wọ bùbá, tó wá gbé agbádá lé e. Ibi tí agbádá bá dé, agbádá ni a ó rí. Ibi tí kò bá dé, bùbá tàbí ṣòkòtò ni yóò yọ. Eré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ó bá ń wá aṣọ òkúta, inú ìdì tó wà lókè pátápátá ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí stone.png níbẹ̀, ó parí, kò ní wo ìsàlẹ̀ mọ́. Bí kò bá rí i, yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkejì, títí yóò fi kan aṣọ tí eré náà fúnra rẹ̀ gbé wá, tí í máa wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Nítorí náà, ìdì tí fáìlì rẹ̀ kò pọ̀ ni ó yẹ kó wà lókè, kí èyí tó kún fọ́fọ́ wà nísàlẹ̀. Òdìkejì ni àbúrò mi ṣe. Èyí tó tóbi jù ló gbé sókè nítorí pé òun ló fẹ́ràn jù, ó wá ń bú àwọn yòókù pé wọn kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Agbádá ló bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé fáìlì ni eré náà ń yàn, kì í yan odidi nǹkan. Ojú wa rí nǹkan kí a tó mọ èyí. Ìlẹ̀kùn onígi kan ní fáìlì 2, oak_door_top.png fún apá òkè, oak_door_bottom.png fún apá ìsàlẹ̀. Ẹni tó ṣe ìdì wa tó wà lókè kò yà ju apá òkè lọ. Ni ìlẹ̀kùn Ìyá àgbà bá di ti ààfin láti àyà sókè, ó di ti ilé adìẹ láti àyà sílẹ̀. Ti koríko tún burú ju ìyẹn lọ. Àwòrán orí koríko kò ní àwọ̀ ewé rárá, eérú ni àwọ̀ rẹ̀; inú fáìlì mìíràn, grass.png, tó wà nínú fódà colormap, ni eré náà ti ń mú àwọ̀ ewé tó ń dà lé e lórí. Bí koríko bá wá láti inú ìdì kan, tí àwọ̀ wá láti inú ìdì mìíràn, ohun tó bá jáde ni kí ènìyàn gbà. Tiwa jáde bí ọsàn tó ti rà. Kò sí àbùjá fún èyí: kí a tú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí a wo fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé e lé òmíràn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Àwọn ìdì kan wà tí aṣọ wọn jẹ́ píksẹ́lì 32 ní ìbú àti òró, àwọn mìíràn 64 tàbí 128. Aṣọ 128 ní ẹyọ àwọ̀ 16,384, ìyẹn ìlọ́po 64 ti 16. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ bo ògiri tí òrùlé sì wà ní 16, ó dà bí ẹni tó wọ sányán tó fi àpò ìrẹsì rán fìlà. Kọ̀ǹpútà wa tí kò lágbára tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. A fi gbogbo rẹ̀ sí 16.

Ní ti ìdì àtijọ́, kí a ṣọ́ra. Nígbà tí ẹ̀dà 1.13 jáde ní ọdún 2018, wọ́n yí orúkọ fáìlì púpọ̀ padà. Fódà blocks di block, items di item. Ìdì tí a ṣe kí ó tó di ìgbà náà ṣì lè wọlé, ṣùgbọ́n eré náà kò ní rí aṣọ inú rẹ̀, yóò sì kì wá nílọ̀ pé ti ẹ̀dà àtijọ́ ni. Àwọn kan a máa yí nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nínú pack.mcmeta padà láti lé ìkìlọ̀ náà lọ. Ìkìlọ̀ lọ lóòótọ́, aṣọ kò tìtorí ẹ̀ hàn. Bí ẹ bá sì rí búlọ́ọ̀kù tó di àwọ̀ àlùkò àti dúdú bí pátákó ayò ọlọ́pọ́n ti àwọn òyìnbó, ẹ mọ̀ pé wọ́n ní kí eré náà wá aṣọ kan tí kò sí nínú ìdì kankan.

Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ nínú ìdì kan ni a fẹ́, títò nìkan kò ní tó. A nílò ilẹ̀ ìdì àkọ́kọ́, a kò fẹ́ òkúta rẹ̀. Nígbà náà, a ó dá fódà tiwa sílẹ̀, a ó fi pack.mcmeta sínú rẹ̀, a ó ṣí assets, minecraft, textures, block, ní títẹ̀lé ara wọn, a ó sì da àwọn fáìlì tí a fẹ́ kọ síbẹ̀. Bí àwòrán kan bá ń rìn bí omi tàbí iná, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .png.mcmeta tó ń bá a rìn. Kí a má gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí a bá sì fẹ́ sọ ọ́ di zip, ohun tó wà nínú fódà ni kí a mú, kì í ṣe fódà fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pack.mcmeta yóò bọ́ sínú yàrá kejì, eré náà kò sì ní rí i. Mo pàdánù odidi alẹ́ kan sí èyí. Bí eré bá ti wà ní ṣíṣí, kí a di F3 mú kí a tẹ T, yóò tún gbogbo aṣọ wọ̀ láìjẹ́ pé a pa á.

Páànù ni ó dùn mọ́ mi jù. Eré náà ní bàbà láti ẹ̀dà 1.17 ti ọdún 2021, bàbà yìí sì máa ń gbó fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ní ìpele 4, títí yóò fi di àwọ̀ ewé. A ní, ṣé ohun tí páànù ń ṣe kọ́ nìyẹn? A fi àtẹ̀gùn bàbà gígé to òrùlé kí ó lè dà gẹ̀ẹ́rẹ́, a sì ya aṣọ 4 fún un: cut_copper.png ń dán bí páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, exposed_cut_copper.png ti ṣá, weathered_cut_copper.png ti ní àbàwọ́n, oxidized_cut_copper.png ti dógùn-ún pátápátá. Ìlà páànù gba píksẹ́lì 4, nítorí 4 pín 16 dọ́gba. Bí a bá fi 5 ṣe é, ìlà búlọ́ọ̀kù kan kò ní bá ti èkejì mu.

Adìrẹ ni a yà sí blue_wool.png. Mo fẹ́ ya Ìbàdàn dùn, ṣùgbọ́n ojú àwòrán tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, píksẹ́lì 16 kò lè gbà á. A padà sí adìrẹ oníko, tí òbìrìkìtì rẹ̀ funfun nínú aró. Ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá òsì mu, òkè gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí búlọ́ọ̀kù 2 ti pàdé yóò hàn bí ojú àránpọ̀.

Nígbà náà ni a dé ìdí èdè, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí a lè yàn nínú Minecraft orí kọ̀ǹpútà. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ rẹ̀, ibi tí ìtumọ̀ kò bá sì sí, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yọ. Fáìlì rẹ̀ ni yo_ng.json, nínú fódà lang. Òfin agbádá kò ṣiṣẹ́ níbí. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ 5 péré sínú yo_ng.json tiwa, 5 yẹn nìkan ni yóò yí padà; gbogbo ìyókù yóò máa wá láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìlà kan tó ní "block.minecraft.blue_wool": "Adìrẹ" ti tó láti sọ aṣọ náà lórúkọ, láìba ọ̀rọ̀ mìíràn jẹ́. A pe mud ní ẹrẹ̀, a pe packed mud ní amọ̀, nítorí ẹrẹ̀ ni í ba ẹsẹ̀ jẹ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ilé. Torch dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò mi ní tọ́ọ̀ṣì ni, mo ní tọ́ọ̀ṣì ni èyí tó ń lo bátìrì, pé ògùṣọ̀ ni igi tó ń jó lórí. Kò gbọ́ ògùṣọ̀ rí. Ó ti wá ń lò ó báyìí.

Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ o. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko wà nínú eré náà, ọkọ̀ ojú omi sì wà. Ẹni tó bá kọ "oko" sí méjèèjì lásán yóò wa ọkọ́ lórí omi. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ ní ààyè kan fúnra rẹ̀ nínú Unicode, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní ààyè ẹyọ kan, àmì 2 ni a fi ń kọ ọ́. Kí a tọ́jú fáìlì náà sí UTF-8, kí a sì wò ó lójú eré fúnra rẹ̀ kí a tó sọ pé ó parí. Bí àmì bá fò kúrò lórí lẹ́tà, ìdì aṣọ lè gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ wá.

Ẹni tó ń ṣeré lórí fóònù, ẹ̀dà Bedrock ni tirẹ̀. Global Resources ni yóò wá. Tòkè ń borí tìsàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ètò fáìlì rẹ̀ yàtọ̀, ìdì ti kọ̀ǹpútà kò ṣeé gbé síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ohun tí mo ṣì ṣe. Nígbà tí ìdì wa parí, mo kọ "Iṣẹ́ ọwọ́ èmi àti àbúrò mi" sínú pack.mcmeta, mo sì fi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ 7. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń tún iṣẹ́ àṣetiléwá mi lórí ẹkún ìyàwó kọ, tí olùkọ́ dá padà nítorí pé n kò kọ orúkọ obìnrin tó sun ún fún mi, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo gbà á sílẹ̀. Bí mo ti ń kọ orúkọ obìnrin náà ni mo rántí àwọn tó ya ilẹ̀ àti ìlẹ̀kùn tí mo pè ní iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìdì wọn. Ẹni tó ni omi àti ewé ní kí ènìyàn máa lò ó bó ṣe fẹ́, kó ṣáà dárúkọ òun. Ẹni tó ni ìlẹ̀kùn kò kọ nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí i, ó sì dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ 9 pé kò burú. Ẹni tó ni ilẹ̀ pupa ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó àwòrán òun sínú ìdì mìíràn fún pínpín. Ilẹ̀ pupa yẹn sì ni gbogbo ilé náà dúró lé.

A yọ ọ́. Àbúrò mi lọ sí ibi àwókù ilé náà, ó mú èépá ògiri kan wá, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Alẹ́ 3 ni a fi ń wò ó tí a sì ń mú àwọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú 256 fi pé. Mo gba ìdì ti àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ ọmọ 5, mo fún wọn ní tuntun tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn 2 yòókù ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a tún gbé e fún Ìyá àgbà wò. Wọ́n wọ dígí wọn. Wọn kò béèrè ilé ta ni. Wọ́n na ìka sí òrùlé, wọ́n ní, "Páànù yìí kò tíì dógùn-ún tó."

Àbúrò mi ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá àgbà. Ó ń dógùn-ún lọ́wọ́."